Ẹnu Ọ̀nà Iléeṣẹ́: "Tí Mo Bá Kó Ẹ̀rọ Wá sí Ìbàdàn, Ta Ni Yóò Jókòó Sídìí Ẹ̀?"

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọn iléeṣẹ́ Èkó tó ń yọjú wo Ìbàdàn ni ìwé yín ò ti jẹ́ kí n sinmi. Àwọn kan tiẹ̀ ń béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe onílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni gbígba èèyàn síṣẹ́, ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike àti ọ̀rá ní Olúyọ̀lé, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ìwé mẹ́rin ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí. Ti àkọ́kọ́ ni máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí owó ńlá wà nídìí ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì ti fẹ́ san àsansílẹ̀.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ aṣọ ni mo ní ní Mushin. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé àti aṣọ iṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá la máa ń rán. Owó ilé ti fẹ́ lé mi kúrò lójú iṣẹ́. Mo ti rí ilé kan ní Olúyọ̀lé tí owó rẹ̀ ò tó ìdajì tèmi. Àmọ́ tí mo bá kó ẹ̀rọ wá, ta ni yóò jókòó sídìí ẹ̀? Àwọn kan ní télọ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìbàdàn. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n, pé àríyá nìkan ni wọ́n mọ̀. Ṣé kì í ṣe owó ilé tó dín ló ń tàn mí báyìí?*
Oníṣẹ́ aṣọ, Mushin

Ọ̀gá oníṣẹ́ aṣọ, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó sọ ọ́ ò tíì dúró sí Ìwó Road ní ìdájí rí, kó wo bí àwọn bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti pọ́ńbà ṣe ń jà sí bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti àríyá, bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ràn àríyá. Ó sì lè bá yín jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́nà tí wọ́n fi sọ ọ́ fún yín.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù gan-an, ẹ ò dárúkọ ẹ̀. Télọ̀ pọ̀ níbí, iṣẹ́ wọn sì mọ́. Àmọ́ odindi aṣọ ni wọ́n kọ́. Ẹni tó bá gba fírídọ̀ọ̀mù ní Òkè-Àdó tàbí ní Bẹẹrẹ lè wọn èèyàn, kó gé aṣọ, kó rán an, kó ti bọ́tìnnì sí i, kó lọ̀ ọ́, kó ká a sínú ọ̀rá fún yín, gbogbo ẹ̀ látọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iléeṣẹ́ yín ń wá. Ẹni tí yóò máa rán kọ́là mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ń wá. Ẹlòmíràn á máa rán àpò, ẹlòmíràn á máa wíìfù etí ẹ̀. Tí ẹ bá gbé irú iṣẹ́ yẹn fún ọ̀gá télọ̀ tó ti ń dá ṣe, ọ̀sẹ̀ kan ò ní pé tí yóò fi sú u. Tó bá wá di Ọjọ́bọ̀, tí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ pè é pé aṣọ ẹbí ẹni ogún ń bẹ nílẹ̀ fún ìnáwó ọjọ́ Sátidé, ẹ ò ní rí i lọ́jọ́ Ẹtì. Àríyá tí mo wí nìyẹn. Kò lọ jó o, owó ló lọ pa.

Nítorí náà, ẹ má lọ máa tan ọ̀gá télọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù ni kí ẹ wá. Wọ́n ti ná owó ayẹyẹ, wọ́n ti ya fọ́tò pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ọ̀gá ti gbàdúrà fún wọn, wọ́n ti padà sílé, kò wá sí owó tí wọ́n máa fi ra ẹ̀rọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn á padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, á máa ṣe jọ́níìmáànì, iye aṣọ tó bá rán ni wọ́n á fi san owó ẹ̀. Òmíràn á lọ máa ta káàdì ìpè, iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ fún irú àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀rọ oníná tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, owó oṣù tí kì í yẹ̀, àti ẹnì kan láti Mushin tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ṣe. Ẹ ó rí i pé wọn ò ní fẹ́ lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tó mọṣẹ́ nínú wọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé-ẹ̀rí. Aya àbúrò mi tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ló kọ́ mi ní ọgbọ́n kan. Á fi abẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀ díẹ̀ sínú ẹ̀rọ, á gé aṣọ pélébé méjì, á ní kí ọmọ náà rán an pọ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á máa rán lọ, òwú á máa já, á máa bínú sí òwú. Èyí tó mọ̀ ọ́n á rán díẹ̀, á gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kan irin nísàlẹ̀, á dá ẹsẹ̀ dúró. Á tú abẹ́rẹ́ náà, á gbé e sórí tábìlì, á fi ìka kan yí i lọ yí i bọ̀. Bí ẹnu ẹ̀ bá ń fò sókè, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Á wá gbójú sókè wò yín bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ gba onítọ̀hún lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá béèrè bóyá owó ilé ló ń tàn yín. Ó ń tàn yín bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí. Ẹ wo àwọn tó ń ṣe ìwé ní Jẹ́ríkò. Ọdún 1948 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1949, Oxford University Press ti dé síbí, òun náà ló di University Press tí a mọ̀ lónìí. Ọdún 1949 yẹn kan náà ni ìwé ìròyìn Tribune bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní January 1955, tí ọmọ ya wọ iléèwé, ìwé wá di dandan. Heinemann dé, Evans dé, Oníbọnòjé tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Jẹ́ríkò pọ́ọ́kú. Èèyàn ni wọ́n wá bá: olùkọ́ tó lè kọ ìwé, akẹ́kọ̀ọ́jáde tó lè tún un kà kó yọ àṣìṣe, ọmọkùnrin tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé. Iléeṣẹ́ kejì kó èèyàn lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta kó tirẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀kejì. Bí olóòtú bá bínú kúrò níbì kan ní Jẹ́ríkò, kò nílò kó wọkọ̀ kó tó dé ibòmíràn tí wọ́n á ti gbà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oúnjẹ àti ohun ọ̀sìn. IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn, ti wà ní ọ̀nà Mọ́níyà láti 1967. Àwọn tó ń ṣèwádìí kòkó ti wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti 1964. Àwọn tó ń ṣèwádìí èso àti ẹ̀fọ́ wà ní Ìdí-Ìṣin, Yunifásítì sì ń kọ́ dókítà ẹran. Ẹni tó bá fẹ́ dá iléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ò ní wá ẹni tí yóò yẹ àgbàdo wò fún un títí, kó mọ̀ bóyá ó ti bu. Ìdí tí oko adìyẹ ńláńlá fi yí ìlú yìí ká nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹyin nìkan ni púpọ̀ nínú wa ń wò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń bí mi nínú, kí ẹ má bàa dé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ tó ń wọlé ló fẹ́ wá kórè òṣìṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbìn. Wọ́n á dé, wọ́n á ní "Ìbàdàn ní èèyàn", wọ́n á ṣa àwọn tó ti mọṣẹ́, wọ́n á fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lé owó wọn, ó parí. Wọn ò ní gba ọmọ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa wá, ẹ mú ẹni tí yóò máa kọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n. Kò tiẹ̀ ní jẹ́ gbogbo owó ẹ̀ ni yóò ti àpò yín jáde. Òfin ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Bí owó orí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń san án, wọ́n á kùn, wọ́n á gbàgbé. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, tó sì kó ìwé ẹ̀ jọ, lè gbà tó ìdajì ohun tó san padà. Mo ti rí ọ̀gá iléeṣẹ́ tí kò gbà mí gbọ́ títí owó fi wọlé.

Owó oṣù ńkọ́? Ẹ má gbé ọkàn lé e pé ìdajì owó Èkó lẹ máa san. Láti 2024, 70,000 náírà ni owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san, ìjọba Ọ̀yọ́ sì gbé tirẹ̀ sí 80,000. Ọmọ tó ń wíìfù aṣọ mọ̀ pé iye tí ẹni tó ń gbálẹ̀ ní Sẹkitéríàtì ń gbà nìyẹn. Bí tiyín kò bá fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ̀ ló máa padà sí.

Ó ku ti iná. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ má bi onílé bóyá Báńdì A, àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, ni àdúgbò yẹn. Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní kọ̀rọ̀, òun ló mọ bí iná ṣe ń wá.

*Ìyá wa, ẹ kú àánú wa. Ṣọ́ọ̀bù tọ́nà, àwa tó ń fi ẹ̀rọ léètì fá irin, ni mo ní nítòsí Agodi Gate. Tí nǹkan bá bàjẹ́ níléeṣẹ́ ńlá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tí mo kọ́ bá lọ béèrè iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ní kó mú OND wá. Wọ́n á tún yọ́ kẹ́lẹ́ wá fa ọmọ tí kò tíì gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ mi, wọ́n á sọ ọ́ di kásúà. Ṣé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?*
Bàbá Tọ́nà, Gate

Alàgbà, mo mọ̀ yín láì tíì rí yín. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ ọ̀rá dákẹ́ lọ́wọ́ wa. Ibi tí bẹ́árìn ń jókòó sí lára ṣáàfù ẹ̀ ti jẹ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun ní ká ṣe sùúrù, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹnjiníà wa gbé ṣáàfù sínú búùtù, ó kọrí sí Gate, mo bá a lọ torí mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹni tí wọ́n máa ń pọ́n lé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tọ́nà náà ò tíì bá wa sọ̀rọ̀ owó tó fi mú kálípà. Ó wọn ojú ibẹ̀, ó yí ṣáàfù díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n, ó tún yí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀gbẹ́ kan ló jẹ, kò jẹ yípo." Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jó irin lé e títí ó fi kún kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òun wá gbé e sórí léètì, ó ń fá a, ó ń wọ̀n ọ́n, ó tún ń fá a, irin wínníwínní ń ká bọ́ sílẹ̀ lójú iṣẹ́. Nígbà tó kan bẹ́árìn, mo rò pé òòlù ló kàn. Rárá o. Inú òróró gbígbóná ló rì í sí kí ojú ẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹ̀mú gbé e, ó sì wọlé jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ wa ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwé dé láti olú iléeṣẹ́ l'Ékòó pé a kò gbọdọ̀ gba fítà tí kò ní OND.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó rí. Oríkì Ìbàdàn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ pé olú iléeṣẹ́ ò ní yí ìwé padà torí oríkì. Ohun tí ẹ lè ṣe rèé.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ṣe ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ máa ń ṣe, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní trade test. Ìpele kẹta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lọ sí ìkejì, kí wọ́n tó dé ìkínní. Ìwé mìíràn tún wà tí NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ń darí, NSQ lorúkọ ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa tiẹ̀ ni pé wọ́n lè gba ohun tí èèyàn ti kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọlé, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé lórí ẹ̀, láìní kó padà lọ jókòó sí kíláàsì. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gba tiyín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà á síbẹ̀. Bí ìwé bá wà lára ògiri ọ̀gá, iléeṣẹ́ á túbọ̀ gba ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ gbọ́.

Ti àwọn tó ń fa ọmọ lọ, ẹ jẹ́ kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ wà nínú ìwé, kí òbí ọmọ buwọ́ lù ú, kí ẹ sọ iye tí iléeṣẹ́ máa san fún yín bí wọ́n bá mú un kó tó parí. Ojú kì í ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti gba irú owó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí yóò ti yín? Èyí tó tún dáa jù ni kí ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá: "Ẹ rán ọmọ méjì láti ọ̀dọ̀ yín sí ṣọ́ọ̀bù mi fún oṣù mẹ́fà, iye báyìí ni owó ẹ̀." Ẹnjiníà tó lóye á gbà, torí ó mọ ẹni tó máa ń gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Gate ò sì ṣàì mọ ibi tí ọgbọ́n yẹn ti wá. Nígbà tí Leyland ń to ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí ló kọ́ fítà, wẹ́dà àti iṣẹ́ iná ọkọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí nǹkan dojú rú fún àwọn tó ń to ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ọgbọ́n ọ̀hún ò bá wọn lọ sílé. Ìgboro ló bọ́ sí. Àwọn iléeṣẹ́ tó dé lẹ́yìn wọn wá bá a nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kásúà tí wọ́n ń pè wọ́n yẹn, tí ẹ̀rọ bá gé e níka, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa mọ kásúà, ó sì mọ ọmọ iṣẹ́. Iléeṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù lórí ẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú ọ̀hún, kì í ṣe ọmọ náà. Ẹ sọ fún un kó tó lọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un lọ́hùn-ún.

*Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọbìnrin ni mí, mo ti parí ND ní Pólì Ìbàdàn, ẹ̀ka iṣẹ́ iná. IT, ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, ọlọ́dún kan ló kàn kí n tó padà wá fún HND. Iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà fẹ́ gbà mí, wọ́n ní n ó máa dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù, owó wọn dáa. Iléeṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìbàdàn náà fẹ́ gbà mí sídìí ẹ̀rọ, àmọ́ owó tiwọn ò tó nǹkan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá dúró síbí, ojú mi ò ní là.*
Ọmọ Pólì, Sango

Ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Ọ̀dọ̀ ta ni o máa gbé ní Ìkẹjà? O ò sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé o máa háyà yàrá, tí o máa wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì kí o tó débi iṣẹ́, gbé owó tó dáa yẹn jókòó kí o ṣírò ẹ̀ dáadáa, wo ohun tó máa ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ lo máa gbé. Ìdí tí ìjọba fi dá ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní 1973 ni pé àwọn iléeṣẹ́ ń pariwo pé ọmọ tó jáde níléèwé mọ ìwé, kò mọ ẹ̀rọ. Tí o bá fi ọdún kan sọ "ẹ kú àárọ̀, kí la lè ṣe fún yín" lórí fóònù, ẹni tí wọ́n ń pariwo lé lórí yẹn náà ni wàá jẹ́ nígbà tí o bá padà. Lọ sídìí ẹ̀rọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń bẹ ní iléeṣẹ́ oúnjẹ lónìí, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PLC ló ń darí ẹ̀. Òun ló ń sọ ìgbà tí bẹ́líìtì yóò rìn, ìgbà tí ọ̀bẹ yóò gé, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ yóò dúró. Bó bá dákẹ́ lóru, iye iléeṣẹ́ tí mo mọ̀ ní Olúyọ̀lé tó ń ránṣẹ́ pe èèyàn wá láti Èkó pọ̀. Onítọ̀hún á gba owó ọkọ̀, á gba owó hòtẹ́ẹ̀lì, á gba owó iṣẹ́, á sì jẹ àmàlà ọ̀fẹ́ lé e. Ìlú tó ní Pólì láti 1970! Àwọn tó mọ bíríkìlà àti télọ̀ pọ̀ níbí, àwọn tó mọ àpótí yẹn ò tíì pọ̀ tó. Tí iléeṣẹ́ tuntun bá ń béèrè bóyá Ìbàdàn ní òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni ìdáhùn ti ń há sí wa lọ́fun, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí o lọ dúró sí.

Nígbà tí o bá débẹ̀, wọ́n á ní kí o jókòó sí ọ́fíìsì kí o máa tẹ ìwé, torí pé obìnrin ni ẹ́. Má gbà. Sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé iṣẹ́ iná lo kọ́. Ra bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, di irun ẹ, má wọ ẹ̀gbà. Wá ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, bá a gbé tọ́ọ̀ṣì, máa kí i bó ṣe yẹ, yóò kọ́ ẹ ní ohun tí kò kọ́ ọmọ ẹ̀. Ohun tí o bá sì ṣe lójúmọ́ ni kí o kọ sínú lọ́ọ̀gìbúùkù ẹ, má jókòó di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí o tó máa dà á kọ lára ti ẹlẹ́gbẹ́ ẹ. Mo ti ka púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́. A máa ń mọ̀.

Lẹ́yìn HND, tí Ìkẹjà bá pè ẹ́ sídìí ẹ̀rọ tó ju ti ibí lọ, máa lọ, èmi ò ní kí o má lọ. Owó tí wọ́n máa pè ẹ́ nígbà náà máa yàtọ̀ sí ti orí fóònù.

*Ẹ jọ̀ọ́ mà, Challenge ni mo ń gbé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi níṣẹ́ ìṣirò owó ní Yaba. Ṣé mo lè máa fi rélùwéè lọ kí n máa bọ̀ lójúmọ́, kí n má kúrò ní Ìbàdàn?*
Akáǹtà, Challenge

Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní June 2021 yẹn gùn tó kìlómítà 157, Mọ́níyà ló ti ń gbéra títí dé Ebute Metta, Ebute Metta ò sì jìnnà sí Yaba. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ yín dára. Àmọ́ láti Challenge dé Mọ́níyà, ẹ ó la ìlú já kí ẹ tó rí rélùwéè lójú. Lórí ojú irin fúnra ẹ̀, ó lé ní wákàtí méjì. Ẹ wá fi ti àbọ̀ kún un.

Ó dáa fún ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ gbà kó wá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa fi kọ̀ǹpútà ṣe ìyókù nílé. Ó sì dáa fún iléeṣẹ́ tó wà níbí tó fẹ́ kí ọlọ́gbọ́n kan máa ti Èkó wá wo ìwé fún òun lóṣooṣù. Fún lójoojúmọ́, ẹ bi àwọn ọ̀gá yín ní Yaba aago mélòó ni wọ́n ń retí yín, kí ẹ wo aago tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gbéra ní Mọ́níyà, kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ kí ẹ wọ̀ ọ́ bọ̀ lọ́jọ́ Ajé kan tí ẹ gba ààyè. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ náà.